Kò Sí Rẹfirí Níbí O: Bí A Ṣe Ń Ṣe Nídìí Tẹ́bù Tẹ́nìsì Àdúgbò

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹ́ẹ̀jì. Bọ́ọ̀lù fara kan etí tábìlì, ó yà bàrá, ẹni tó yẹ kó gbá a padà gbá afẹ́fẹ́, ẹni tó gbá a wá ti ń pariwo "ẹ́ẹ̀jì! ẹ́ẹ̀jì!", àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti pín sí méjì, àwọn kan ní ó kàn án, àwọn kan ní irọ́ ni, ọ̀kan tó ń jẹ ẹ̀pà tí kò tiẹ̀ wo géèmù bọ̀ látàárọ̀ náà ti dìde, ó lóun rí i kedere. Kí ẹ tó mọ̀, ogún ìṣẹ́jú ti lọ, iná epo tí a fowó ra ń jó, àwọn tó kàn ń wo aago.

Ibi tí mo ti ń gbá, abẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni, tábìlì kan ṣoṣo, kápẹ́ńtà ló kàn án, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú, táìsì fífọ́ la fi gbé e. Kò sí rẹfirí, kò sí kámẹ́rà, kò sí ẹni tó máa san owó fún ẹni tó máa jókòó ka pọ́ìntì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ eléyìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀bù àdúgbò, pàápàá àwọn ọmọ wa tó rò pé kéèyàn mọ sìmáàṣì, ìyẹn kó fi agbára gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, nìkan ló kù.

Òfin ẹ́ẹ̀jì gan-an ò le. Tí bọ́ọ̀lù bá kan etí òkè, níbi tí ojú tábìlì parí sí, ó wọlé, pọ́ìntì ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì nísàlẹ̀ etí yẹn ló kàn, kò wọlé. Báwo lo ṣe máa mọ̀? Èyí tó kan òkè máa ń ta sókè díẹ̀ tàbí kó fò síta, èyí tó kan ẹ̀gbẹ́ máa ń já bọ́ sílẹ̀ ni. Tẹ́tí sí ìró ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ta ló rí i jù? Ẹni tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá ni, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ló wà sí i, ẹni tó gbá a wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn tábìlì tó gùn tó 2.74 mítà, kí ló fẹ́ rí? Àmọ́ ẹni tó rí i yìí náà ni pọ́ìntì máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá sọ òótọ́. Ìdí abájọ nìyẹn.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe é rèé: ẹni tí bọ́ọ̀lù wá bá ló máa sọ̀rọ̀. Tó bá ní "ó kàn", ó ti parí, kà á lọ. Tó bá ní "kò kàn", a gbà á gbọ́, kódà tí inú ẹ bá ń hó. Tó bá ní òun ò rí i dáadáa, ẹ tún un gbá. Ìwọ tó gbá a, pa ẹnu ẹ mọ́. Bẹ́ǹṣì ò ní ìbò níbẹ̀, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ yíjú tí wọ́n ní "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ẹlẹ́tàn máa wá fi èyí jẹun. Òótọ́ ni, ó máa jẹ ẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n, tó bá ti ní "kò kàn" gbogbo bẹ́ǹṣì á kàn máa wú ikọ́, mo ti rí àgbàlagbà tí ikọ́ yẹn sọ di olóòótọ́.

Àwọn tó ń gbá a jẹun náà ń ṣe é. Timo Boll, ará Jámánì tó ti di nọ́ńbà kìíní láyé rí, níbi ìdíje àgbáyé ní Shanghai lọ́dún 2005, pọ́ìntì kan ló kù fún un kó na Liu Guozheng ará Ṣáínà. Rẹfirí fún un ní pọ́ìntì yẹn, eré ti parí, ó ti wọlé. Boll ló sọ fúnra ẹ̀ pé rárá, bọ́ọ̀lù Liu fara kan etí tábìlì lọ́dọ̀ òun. Wọ́n dá pọ́ìntì náà padà, wọ́n gbá a lọ, Liu wá nà án. Ẹ rò ó wò o, ìdíje àgbáyé! Tiwa tó jẹ́ pé Fanta ni wọ́n fi ń ta á la ṣe fẹ́ fa ṣẹ́ẹ̀tì ara wa ya. (Boll yìí kan náà ni Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tiwa, nà ní Òlímpíìkì Rio ní 2016 kó tó lọ bá Ma Long ará Ṣáínà, mo kàn ní kí n rán yín létí ni.)

Tí bọ́ọ̀lù tìẹ bá wọlé nítorí ẹ́ẹ̀jì, tàbí ó kan nẹ́ẹ̀tì kó tó yọ́ ṣubú sí òdìkejì, gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. O lè ní "pẹ̀lẹ́" tàbí "ẹ má bínú sir". Kì í ṣe pé o ṣẹ̀, pọ́ìntì ẹ ni, kò sẹ́ni tó ní kí o dá a padà, àmọ́ gbogbo ayé mọ̀ pé orí ló bá ẹ ṣe é, kì í ṣe ọwọ́ ẹ, má wá fò sókè bíi pé o gba wúrà. Àwọn kan máa ń gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin, ó sàn kí ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀.

Ó yá, ká padà sẹ́nu ọ̀nà. Tí o bá dé, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, dúró. Má gba ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá kọjá, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù wà láyè. Tí pọ́ìntì bá parí, o lè ní "ẹ kú eré o", kí o wá yí ká kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bó ṣe yẹ. Bàtà kánfáàsì ni kí o wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì, ọmọ kan yọ̀ pẹ̀lú sílípáàsì níwájú mi, eyín ẹ̀ kan ló lọ sí i. San owó epo jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó bèèrè. Ẹni tí kò bá ní lọ́jọ́ yẹn, kó yọ́ sọ fún kápítéènì, wọ́n máa gbọ́, gbogbo wa la ti wà níbẹ̀ rí. Ẹni tó ń sá fún owó epo tó wá ń gbá géèmù márùn-ún lábẹ́ iná náà, òun là ń bínú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ orúkọ ẹ sórí bọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀kì wà nínú ihò ògiri. Ní tiwa, ẹni tó bá borí ló ń dúró, ẹni tí wọ́n bá fi 7-0 nà ti jáde nìyẹn, kò ní dúró de 11. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹta léra, kó sinmi kí ẹlòmíì gbá, kì í ṣe tábìlì bàbá ẹ̀. Má bá ọ̀rẹ́ ẹ tí kò tíì dé kọ orúkọ. Mo ní má kọ ọ́. Ó wà lọ́nà, ó wà lọ́nà, ẹni tó ti dé látàárọ̀ wá jókòó síbẹ̀ ó ń wo orúkọ ẹni tó ṣì wà nínú dánfó.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló le jù nídìí bọ́ọ̀dù yìí. Ọmọ Yorùbá ni wá, o ò lè jókòó kí ẹni tó tó bàbá ẹ dúró, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹ ló kàn. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lọ́dọ̀ wa, ọmọdékùnrin kan fẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá lọ́jọ́ kan, bàbá ní "gbá tìẹ, ọmọ mi, ọjọ́ orí mi ò sí lórí bọ́ọ̀dù". Látìgbà yẹn la ti fi ṣe òfin. Fún àgbà ní ìjókòó, fún un ní omi, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n tìẹ ni tìẹ. Tí àgbà kan bá wá gbé báàtì ẹ̀ tó lọ dúró sídìí tábìlì bíi pé kò rí bọ́ọ̀dù, ìwọ ọmọdé, má gbójú sí i. Sún mọ́ ọn, ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tèmi ni tiyín o", pẹ̀lú ẹ̀rín. Tí kò bá gbọ́, lọ bá kápítéènì, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn, òun ni kó jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀.

Tí o bá wá ń bá àgbà gbá, má fi pọ́ìntì ta á lọ́rẹ. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó ń dun bàbá tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún gbọọrọ bíi kí ọmọ ogún ọdún mọ̀ọ́mọ̀ gbá sínú nẹ́ẹ̀tì fún un. Kúnlẹ̀ kí i tán, kí o dìde, kí o wá gbá a bó ṣe yẹ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu: mélòó la fẹ́ gbá, 11 ni àbí 21? Láti 2001 ni wọ́n ti gé e sí 11, tí sábíìsì (bọ́ọ̀lù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ pọ́ìntì) di méjì méjì, àmọ́ àwọn bàbá wa ṣì fẹ́ràn 21 àti sábíìsì márùn-ún márùn-ún wọn, kò burú, ká sáà ti mọ̀. Tó bá di 10-10, kálukú á máa ju ẹyọ kan títí ẹnìkan á fi fi méjì ṣíwájú. Ẹ tún sọ ti ẹsẹ̀ tábìlì tó kúrú yẹn. Ní òfin gidi, ẹni tó bá mi tábìlì, tàbí tó fi ọwọ́ tí kò mú báàtì kàn án nígbà tí bọ́ọ̀lù wà láyè, ti pàdánù pọ́ìntì. Ti ọwọ́ yẹn la ò fi ṣeré, àmọ́ ti mímì, tábìlì tiwa máa ń mì fúnra ẹ̀ tí ọ̀kadà bá kọjá, ẹ tún un gbá ni.

Sábíìsì. Hmm. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́ tó ṣí, kì í ṣe kí o fi ìka méjì mú un bí ẹni mú hóró ẹ̀wà. Jù ú sókè tààrà, ó kéré tán 16 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn fi díẹ̀ ju gíga nẹ́ẹ̀tì lọ, kí o gbá a nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, lẹ́yìn ìlà ẹ̀yìn tábìlì, kì í ṣe lórí tábìlì. Má fi apá tàbí èjìká ẹ bò ó, kí ẹni tó kọjú sí ẹ máa rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá kan nẹ́ẹ̀tì kó tó wọlé, lẹ́ẹ̀tì ni, ẹ tún un jù. Ìdajì àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa ni sábíìsì wọn ò pé, kí n má parọ́, tèmi gan-an kì í ga tó nígbà tó bá ti rẹ̀ mí.

Báwo lo ṣe máa sọ fún èèyàn pé sábíìsì ẹ̀ ò dáa? Tètè sọ ọ́. Sọ ọ́ ní 1-0 tàbí 2-1, lẹ́yìn tí pọ́ìntì ti parí, jẹ́ẹ́jẹ́: "bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju bọ́ọ̀lù yẹn sókè díẹ̀ sí i fún mi". Ó ti tán. Àmọ́ ẹni tó gba sábíìsì yẹn láti 0-0 tó ń gbá a padà tí kò sọ nǹkankan, tó wá di 10-9 tí wọ́n fẹ́ nà án ló rántí pé òfin wà, ẹni yẹn ò wá òfin, ọ̀nà àbáyọ ló ń wá. A kì í dá a lóhùn.

Ẹni tó fẹ́ ju sábíìsì ni kó pe iye tó wà nílẹ̀, kó pè é sókè, tiẹ̀ kọ́kọ́, kó tó jù ú. Ní gbogbo ìgbà. Ìjà ẹ́ẹ̀jì le, àmọ́ ti "7-5 ni" "rárá 6-6 ni" yìí ló ń mú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà má bára wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Tó bá ti dàrú, ẹ padà síbi tí ẹ̀yin méjèèjì jọ rántí gbẹ̀yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, kódà tó bá jẹ́ 4-4. Ó máa dùn yín. Ẹ máa pè é sókè nígbà míì.

Ti Nẹ́pà náà wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù wà láyè, lẹ́ẹ̀tì ni, ì báà jẹ́ pé o ti gbé ọwọ́ sókè láti fi sìmáàṣì pa á. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe nínú òkùnkùn, kí ẹnikẹ́ni tó lọ fa jẹnẹrétọ̀, ni kí ẹ̀yin méjèèjì pe iye yín sókè kí bẹ́ǹṣì gbọ́. Mo ti rí ẹni tó wà ní 3-8 kí iná tó lọ, nígbà tí iná fi máa dé, ó ti di 6-8, òun fúnra ẹ̀ ti gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

Bọ́ọ̀lù tó bá sá lọ, ẹni tí bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá ló máa lọ mú un, àfi tó bá jẹ́ àgbà, ọmọdé á sáré. Jù ú padà sọ́wọ́ ẹni tó ní sábíìsì, má fi ẹsẹ̀ gbá a. Tó bá wọ gọ́tà, fi omi ṣàn án, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la ti ń bu omi, kí wọn kí o tó bù ú. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù fọ́, òun ló máa ra òmíràn, ìdájọ́ ò sí níbẹ̀. Báàtì ẹlòmíì, bèèrè kí o tó mú un, di ọrùn ẹ̀ mú, má fi àtẹ́lẹwọ́ tó ń làágùn nu rọ́bà ẹ̀, má sì dà á dojú bo yanrìn. Rọ́bà yẹn wọ́n ju bàtà tí o wọ̀ lọ.

Lórí bẹ́ǹṣì, ẹ yẹ̀yẹ́ ara yín, kílọ́ọ̀bù tí ò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni. Àmọ́ yẹ̀yẹ́ bákìháàǹdì ẹ̀, má yẹ̀yẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyàwó ẹ̀, ìlú ẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ tó ń tiro. Má mẹ́nu kan ìyá ẹnikẹ́ni. Má sọ fún ẹni tó ń gbá pé "gbá a sí ọ̀tún, ọ̀tún ẹ̀ ò dáa" nígbà tí bọ́ọ̀lù wà láyè, dúró kí géèmù parí. Tẹ́tẹ́ owó la ti lé jáde, torí ẹni tó fi owó sórí ẹlòmíì kì í rí ẹ́ẹ̀jì bó ṣe rí, Fanta nìkan ló kù, ìyẹn náà lábẹ́ ìṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ àti àwọn obìnrin, torí ibẹ̀ la ti kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ wa, ọmọbìnrin tó bá wá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń rán an lọ mú nínú koríko, orúkọ ẹ̀ kì í kàn. Ọ̀kan lọ tí kò padà wá mọ́, ọwọ́ ẹ̀ yá ju tèmi lọ. Nàìjíríà yìí kan náà ni Funke Oshonaike ti wá, tó lọ Òlímpíìkì lẹ́ẹ̀meje, láti Atlanta 1996 títí dé Tokyo, ẹ wo iye ọkùnrin tó lè sọ ìyẹn. Orúkọ wọn wọ bọ́ọ̀dù bíi ti gbogbo èèyàn, kò sì sí pé géèmù wọn á kúrú. Tí o bá ń kọ́ ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń mú báàtì, fi tìẹ hàn án kó máa wò ó, má lọ dúró sẹ́yìn ẹ̀ kí o máa di ọwọ́ ẹ̀ mú. Àwọn ọmọ kékeré, agogo méje alẹ́ ti tó fún wọn, ẹni tí òbí rán ló máa mú wọn délé, kò sí ẹni tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró fún "ẹ̀kọ́ pàtàkì" lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Kò sí àwíjàre lórí ìyẹn, kóòṣì ni àbí alága.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, má fi sábíìsì tó ń yí bí òkòtó gba pọ́ìntì mọ́kànlá lọ́wọ́ ẹ̀ kó wá lọ sílé. Gbá bọ́ọ̀lù gígùn pẹ̀lú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kà. Òun àti àgbà tí mo sọ níṣàájú ò jọra, àgbà yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Inú á bí ẹ, kò sí bí kò ṣe ní bí ẹ. Ju báàtì ẹ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkìlọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí èèyàn, àwọn àgbà kílọ́ọ̀bù ló máa jókòó lé e lórí, títí kan bóyá ó ṣì máa padà wá. Lẹ́yìn géèmù, bọ ẹni tó nà ẹ́ lọ́wọ́, wo ojú ẹ̀, ní "o gbá a", kí o tó lọ bu omi mu. Tí o bá ní ẹ̀sùn, sùn lórí ẹ̀ ná, lọ́jọ́ kejì lọ bá kápítéènì ní kọ̀rọ̀. Má gbé e lọ sórí WhatsApp. Mo ti gbọ́ fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin ní agogo méjìlá òru lórí ẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo, ẹni tó fi ránṣẹ́ ń sunkún nínú ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa palẹ̀ mọ́. Tú nẹ́ẹ̀tì, fa tapólì bo tábìlì kí òjò má wú pákó, kó bọ́ọ̀lù sínú agolo mílíìkì, pa jẹnẹrétọ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ fún ìyá ẹlẹ́kọ. Tí o bá fẹ́ nu bọ́ọ̀dù, orúkọ àwọn tó ti gbá ni kí o nù. Àwọn tí kò kàn kí ilẹ̀ tó ṣú, fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ló máa kọ́kọ́ gbá lọ́la.